Pèrègún Ẹ̀yìn Ilé Mátírọ́ọ̀nù

Ọjọ́ Ajé, 9 oṣù Kẹfà

Òjò rọ̀ láti ìdájí títí di agogo mẹ́wàá. Ọkàn mi kì í balẹ̀ nígbà òjò, ṣùgbọ́n ìgbà òjò gan-an ló yẹ kí ènìyàn máa wo ilé. Mo ti sọ ọ́ títí ní Ìyànà Ọ̀fà yìí, ó ti sú àwọn tó ń gbọ́ ọ.

Sanmí, olùkọ́ kan tó ń wá ilé yàrá méjì, mú ìyàwó rẹ̀ wá. Mo mú wọn lọ wo ọ̀kan lẹ́yìn ọjà. Ìyàwó ń wo táìsì ilẹ̀, ó ń dán, ó wù ú. Èmi ń wo ìlà tí omi fà sára ògiri. Ó ga tó orúnkún mi.

Sanmí ní, "Bàbá, ṣé iná máa ń wà níbí?"

Mo ní, "Iná ń wà. Omi náà ń wà, inú yàrá ló sì máa ń wá bá yín."

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí. Onílé kò rẹ́rìn-ín. Kò dájú pé ó máa tún gbé ilé fún mi kí n bá a wá ẹni tó máa gbé e.

Mátírọ́ọ̀nù pè mí lẹ́ẹ̀mejì. Ilé tó ń kọ́ ní Abà Olókùúta, lọ́nà Lálúpọn, lórí ilẹ̀ tí mo bá a rà, ti ga dé ojú fèrèsé. Onílé ibi tó ń gbé ní Ìbàdàn ti fún un níwèé pé kí ó jáde kí oṣù Kẹsàn-án tó parí. Ó ń bi mí bóyá ilé yóò ṣeé wọ̀ nígbà náà. Mo ní yóò ṣeé wọ̀. Láti ìgbà tí mo ti sọ bẹ́ẹ̀ ni mo ti ń ṣírò ọ̀sẹ̀ tó kù.

Ọjọ́bọ̀, 12 oṣù Kẹfà

Sìmẹ́ǹtì ti di ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà àpò kan. Orúnkún òsì ń dùn mí.

Mo lọ sí Abà Olókùúta. Mátírọ́ọ̀nù jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, ó ṣí agbòjò lé orí, ó ń wo ẹ̀yìn ilé bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. Zubaidah lorúkọ rẹ̀. Àlàájà ni àwọn ará mọ́ṣáláṣí ń pè é, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá ti ṣàìsàn rí ní agbègbè yìí, Mátírọ́ọ̀nù ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí. Opó ni.

Ó ní, "Bàbá Wùnmí, ẹ wá wo ibi tí mo máa dúró sí láàárọ̀."

Ó mú mi dé ilé ìdáná. Ihò fèrèsé náà fẹ̀. Oko ẹ̀gẹ́ ló wà níwájú rẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ni àgbàdo, lẹ́yìn àgbàdo ni òkè.

"Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù. Ilé tí mo ń gbé báyìí, ìdílé mẹ́rin la jọ ń lo ilé ìdáná kan, ògiri ẹlòmíràn ni fèrèsé rẹ̀ sì kọjú sí. Èyí ni mo kọ́ ilé fún. Yàrá kò jọ mí lójú."

Mo ní yóò dára.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 oṣù Kẹfà

N kò jáde. Mo ń ronú nípa ohun tí ènìyàn máa ń bi mí tí wọ́n bá ń wá ilé. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó fẹ́ wà nítòsí ọ́fíìsì fẹ́ràn Ìyànà Ọ̀fà, ariwo ojú títì ló sì máa kọ́kọ́ ráhùn sí. Àwọn tó lọ sí Lálúpọn fẹ́ràn afẹ́fẹ́ oko, títí tí èéfín ìdí gàrí yóò fi wọ aṣọ wọn tí wọ́n sá lókùn. Akanran dákẹ́ rọ́rọ́, ṣùgbọ́n ẹ lọ wo ọ̀nà rẹ̀ lẹ́yìn òjò. Kò sí ẹnìkan tí ó bi mí rí pé, "Bàbá, ta ló ti ń gbé ilẹ̀ yìí kí èmi tó dé?"

Òrùlé wa ń jò lápá yàrá Wùnmí. Ìyá Wùnmí gbé agbada sí abẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 oṣù Kẹfà

Mo fẹ́ kọ ọ́ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀.

Olúwadọ̀tun, bíríkìlà tó ń kọ́ ilé Mátírọ́ọ̀nù, pè mí ní agogo mẹ́jọ àárọ̀. "Bàbá, ẹ máa bọ̀ o. Bàbá arúgbó kan jókòó síbi tí a fẹ́ gbẹ́ kòtò ìgbọ̀nsẹ̀ sí, wọn ò dìde."

"Bá mi bẹ̀ wọ́n."

"Mo ti bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ, àwọn ò bá mi jà."

Mo gun ọ̀kadà nínú ẹrẹ̀. Bàbá Ṣàngówálé ni mo bá níbẹ̀, olórí ẹbí tó ta ilẹ̀ náà. Wọ́n na ẹsẹ̀ sílẹ̀ láàárín pèrègún mẹ́rin tó wà lẹ́yìn ilé, irun tí wọ́n dì sẹ́yìn ti funfun báláú. Nínú oṣù Kìíní tí a ra ilẹ̀, àìsàn gbé wọn dè sọ́dọ̀ ọmọ wọn obìnrin ní Akanran. Ṣítù, ọmọ àbúrò wọn, ló fọwọ́ sí ìwé fún ẹbí, òun náà ló mú wa yí ilẹ̀ ká.

Mo tẹ̀ ba, orúnkún kò jẹ́ kí n dọ̀bálẹ̀ délẹ̀. "Bàbá, ẹ kú àárọ̀. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí. Mo wá kí ìyá ni."

"Ìyá wo, Bàbá?"

Wọ́n fi ọ̀pá kan ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. "Ìyá tó bí bàbá mi. Apá orí wọn ni mo jókòó sí yìí. Ẹsẹ̀ wọn wà lọ́hùn-ún, níbi pèrègún méjì yẹn."

Mo ní, "Bàbá, ṣé kì í ṣe ààlà ni pèrègún wọ̀nyí ni?"

"Ta ló sọ fún ọ pé ààlà ni?"

Kò sí ẹni tó sọ fún mi. Ṣítù nawọ́ sí i, mo mi orí. Èkó ni Ṣítù dàgbà sí. Pèrègún ni òun rí, pèrègún ni èmi náà rí, pèrègún la sì fi ń pa ààlà káàkiri ilẹ̀ wa. Kò sí ẹni tó bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnìkejì.

Bàbá ní, "Pèrègún ààlà, ọ̀kan ní igun yìí, ọ̀kan ní igun tọ̀hún. Wàá fi ọwọ́ ṣíji bojú kí o tó rí èkejì. Èyí tó bá sún mọ́ra báyìí, ènìyàn ló wà láàárín wọn."

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyẹn. Bàbá tó bí mi gbin irú rẹ̀ sí ojú oórì ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo fi ilẹ̀ han Mátírọ́ọ̀nù, mo rí i pé wọ́n sún mọ́ra jù. Ọyẹ́ mú, eruku wà lójú mi, orúnkún ń ro mí, mo fẹ́ lọ sílé. Mo sọ fún ara mi pé bóyá iná ìgbẹ́ ló jó èyí tó jìnnà.

Òótọ́ ni pé iná jó o. Bàbá mú mi dé ibi kùkùté rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀pẹ. Ẹ̀gbẹ́ ilé ló wà, kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀. Mo fi ojú fa ìlà láti ibẹ̀, ìlà náà gba inú ilé kọjá. Mo fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ẹsẹ̀ bàtà méjìlá ni ilé fi wọ inú ilẹ̀ wọn. Odindi ilé ìdáná ni, àti etí yàrá ẹ̀yìn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè kí n wá bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún obìnrin náà."

"Ọjọ́ mélòó?"

"Díẹ̀ ni, Bàbá."

"Kò burú. Èmi àti ìyá, a kì í kánjú."

Mo ní kí Olúwadọ̀tun fi ẹ̀yìn sílẹ̀, kí ó máa bá iwájú ilé lọ. Mo ní tí Mátírọ́ọ̀nù bá bèèrè kòtò, kí ó sọ pé omi pọ̀ jù nínú ilẹ̀.

Ó wò mí. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní kí n sọ bẹ́ẹ̀ o."

Ọjọ́rú, 18 oṣù Kẹfà

N kò sọ. Òjò.

Ọjọ́ Ẹtì, 20 oṣù Kẹfà

Mo dìde pẹ̀lú ìpinnu pé òní ni. Mo bá Mátírọ́ọ̀nù níbi ilé. Ó fi ife bu omi tútù fún mi nínú kúlà rẹ̀, ó ní kí n jókòó, ó ní ó hàn lójú mi pé ó rẹ̀ mí. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi pẹ̀lú ẹ̀rọ tí kì í kúrò nínú báàgì rẹ̀. Ó ní ó ga, kí n dín iyọ̀ kù, kí n má ronú jù.

Ó bi mí bóyá kí ó kun ilé ìdáná ní funfun àbí ní àwọ̀ ewé. Mo ní funfun.

Ọjọ́ Àìkú, 22 oṣù Kẹfà

A lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wòlíì gbàdúrà fún àwọn tó ń kọ́ ilé lọ́wọ́. Mo ṣe àmín.

Nígbà tí a délé, Ìyá Wùnmí ní, "Kí lẹ ń wá? Ẹ ti ṣí dúrọ́ọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta."

"N kò wá nǹkan kan."

"Ẹ wá a dáadáa nígbà náà, kí ẹ yéé tú ilé."

Mo sọ fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó jókòó, ó tún gèlè rẹ̀ wé. Ó ní, "Ilé obìnrin náà ń ga sí i lójoojúmọ́ tí ẹ bá dákẹ́." Kò sọ ohun mìíràn. Ó lọ wo ìkòkò ẹ̀wà.

Ọjọ́rú, 25 oṣù Kẹfà

Mo lọ bá Khàlíl, awọnlẹ̀ tó ya àwòrán ilẹ̀ náà, bóyá àṣìṣe lè jẹ́ tirẹ̀. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tí mo bá lọ nìyẹn. Ó tẹ́ ìwé sílẹ̀, ó fi ìka tọ gbogbo igun.

"Bàbá, ibi tí ẹ ní kí n gbé òpó sí ni mo gbé e sí. Ẹ rántí, ẹ̀yin gan-an lẹ dúró síbi pèrègún, tí ẹ ní, 'Wọ̀n ọ́n débi ẹsẹ̀ mi yìí.'"

Mo rántí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 oṣù Kẹfà

Mo ti sọ ọ́.

Mátírọ́ọ̀nù gbé móínmóín wá fún àwọn òṣìṣẹ́ láàárọ̀ yìí, ó sì mú wẹ́dà kan dání kí ó wá wọn irin fèrèsé. Wẹ́dà gbé tépù sí ihò fèrèsé ilé ìdáná. Mo rí i tí ó ń kọ nọ́ńbà sí ọwọ́. Ẹnu mi là fúnra rẹ̀.

"Mátírọ́ọ̀nù, ẹ má tíì wọn ìyẹn."

"Kí ló dé? Ṣé ó kéré ni?"

Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. N kò lè wo ojú rẹ̀, apá wẹ́dà ni mo kọjú sí. Ọmọkùnrin náà ká tépù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó lọ dúró sí ìdí ọ̀kadà rẹ̀.

Mátírọ́ọ̀nù rìn lọ sí ẹ̀yìn. Ó dúró láàárín pèrègún. "Ibo ni orí wọn?"

"Ibi tí ẹ dúró sí yẹn."

Ó yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ìgbà wo lẹ mọ̀?"

Ó ṣeé ṣe kí n sọ pé àná. Olúwadọ̀tun kò ní tú mi fó, ó dá mi lójú. Mo ní, "Ọjọ́ kọkànlá rèé."

"Òkú ò lè dẹ́rù bà mí, Bàbá. Èmi ni mo ń pa ojú wọn dé. Ẹ̀yin lẹ dẹ́rù bà mí. Lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ jókòó sórí búlọ́ọ̀kù yìí, ẹ mu omi mi, mo wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, ẹ ní kí n kùn ún ní funfun."

Ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó lọ. Móínmóín wà níbẹ̀. Olúwadọ̀tun jẹ mẹ́ta.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 oṣù Keje

Kò gbé fóònù. Mo pè é ní ẹ̀ẹ̀mẹ́fà. Ìyá Wùnmí gba fóònù lọ́wọ́ mi.

Ọjọ́bọ̀, 3 oṣù Keje

Mátírọ́ọ̀nù fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Ó ní òun fẹ́ rí ẹbí náà lọ́jọ́ Àìkú, kí n wà níbẹ̀. Kò kí mi.

Ọjọ́ Àìkú, 6 oṣù Keje

A ṣe ìpàdé ní ọ̀ọ̀dẹ̀ Bàbá Ṣàngówálé. Ṣítù ti Èkó dé, kò bọ́ gíláàsì dúdú ojú rẹ̀. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì kí gbogbo ènìyàn tó jókòó tán, Bàbá ní kí n jẹ́ kí àga gbà mí ná.

Ṣítù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ọ̀rọ̀ yìí ò le. Kí Àlàájà fi nǹkan díẹ̀ kún un, kí wọ́n gba ibẹ̀ mọ́ ọn. Ta ló tún mọ ìyá yẹn mọ́?"

Bàbá ní, "Ṣítù, tí o bá kú, ibo ni wọ́n máa sin ọ́ sí?"

"Bàbá, n ò tíì kú."

"Mo mọ̀. Mo kàn ń bèèrè."

Ṣítù bọ́ gíláàsì.

Mátírọ́ọ̀nù kò wo ọ̀dọ̀ mi rárá. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, n kò lè ra ìyá ẹlòmíràn. Mo máa wó apá ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, fèrèsé tí mo bá ṣí sí ẹ̀yìn, ẹ má fi ògiri dí i. Oko yín ni mo fẹ́ máa wò."

"Wíwò kò sí nínú ohun tí a tà fún ọ, kò sì sí nínú ohun tí a lè gbà lọ́wọ́ rẹ. Máa wò ó."

Wọ́n ní tí ọdún bá yípo, àwọn obìnrin ilé máa wá ro ìdí pèrègún, kí ó má fi ọgbà dí wọn lọ́nà. Ó gbà. Wọ́n ní kí Khàlíl wá tún ilẹ̀ wọ̀n, àwọn fúnra àwọn ló sì máa rìn níwájú rẹ̀, àní bí ó bá gba odindi ọjọ́ kan.

Nígbà tí a jáde, mo ní kí Mátírọ́ọ̀nù gba owó iṣẹ́ mi padà, kí a fi ra búlọ́ọ̀kù. Ó gbà á. Kò dúpẹ́, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́rú, 9 oṣù Keje

A wó o lónìí. Mo ní n kò ní lọ, mo lọ.

Olúwadọ̀tun fi òòlù ńlá bẹ̀rẹ̀ láti ìdí fèrèsé. Búlọ́ọ̀kù tó gbà wá ní ọjọ́ mẹ́rin láti tò, ọ̀sán kò tíì pọ́n tí ó fi wà nílẹ̀. Bàbá Ṣàngówálé gbé àga wá, wọ́n jókòó bí alábòójútó iṣẹ́.

"Èyí tó kù lápá òsì yẹn ń kọ́?"

"Bàbá, ìyẹn ti wà lórí ilẹ̀ wa," Olúwadọ̀tun wí.

"Ó sún mọ́ ìyá jù. Ṣùgbọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n fẹ́ràn àlejò."

Mátírọ́ọ̀nù ń kó búlọ́ọ̀kù tí kò fọ́ sápá kan. Mo bá a kó. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹwàá tí mo tẹ̀ ba, ó ní, "Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, orúnkún yín." Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó bá mi sọ nìyẹn.

Ọjọ́rú, 23 oṣù Keje

Òjò méje láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Ògiri tuntun kò tètè gbẹ. Mo ń ka ọ̀sẹ̀: mẹ́wàá ló kù kí oṣù Kẹsàn-án parí.

Ilé ìdáná ti di kọ̀rọ̀ tóóró kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá ẹ̀yìn. Mátírọ́ọ̀nù dúró sáàárín rẹ̀, ó na ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì. "Tí mo bá ń gún iyán níbí, èmi àti ògiri la ó jọ máa gún un." Olúwadọ̀tun ló ń bá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí n gbọ́.

Ọjọ́ Ajé, 18 oṣù Kẹjọ

Wọ́n kan páànù. Mo sùn dáadáa lọ́sàn-án, wákàtí méjì. Ìyá Wùnmí wá wò ó bóyá mo ń mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 oṣù Kẹsàn-án

Mátírọ́ọ̀nù kó wọlé lánàá, ọjọ́ mọ́kànlá ṣáájú ọjọ́ tí onílé rẹ̀ dá. Àwọn táìsì kan kù, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kò tíì ní ọ̀dà. Mo mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti àkàrà lọ kí i. N kò mọ̀ bóyá ó máa ní kí n wọlé.

Ó ní kí n wọlé. Ó gbé àga kan ṣoṣo tó lè wọ ilé ìdáná síbẹ̀, ó ní kí n jókòó sórí rẹ̀. Òun dúró lójú fèrèsé. Fèrèsé náà kò tó ìdajì ti àkọ́kọ́, pèrègún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì kọ́kọ́ wà níwájú rẹ̀ kí ojú tó dé oko. Mo ń wá ohun tí mo lè sọ. Mo ní ó ṣeni láàánú pé wọ́n dí oko díẹ̀.

Ó ní, "Mo ti kí wọn láàárọ̀ yìí. Bí mo ṣe ń ṣe ní wọ́ọ̀dù náà nìyẹn, bẹ́ẹ̀dì àkọ́kọ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ kí."

Ó bu omi fún mi. Ife náà kún. Mo gbé e lọ́wọ́, n kò lè mu ún.

"Ẹ mu ún," ó ní. Mo mu ún.

Lẹ́yìn náà ó bi mí, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, "Bàbá Wùnmí, ènìyàn mélòó lẹ ti fi pèrègún tí ẹ kàn fojú wò lásán pa ààlà fún láti ìgbà tí ẹ ti ń ṣe iṣẹ́ yìí?"

Mo ní n kò mọ̀.

"Ẹ lọ mọ̀ ọ́n."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23 oṣù Kẹsàn-án

Mo fi ọjọ́ méjì tú àwọn ìwé mi. Mẹ́rìnlá ni, láti Lálúpọn títí dé etí Akanran. Mo kọ orúkọ wọn sí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìyá Wùnmí kà á tán. "Wọ́n ti ń gbé ilé wọn. Kò sí ẹni tó bèèrè. Kí lẹ fẹ́ lọ tú?"

Mo ní n kò fẹ́ tú nǹkan kan, mo kàn fẹ́ wò ó. Ó ní kí n jẹun kí n tó lọ nígbà náà.

Akínwándé ni mo fi ṣe àkọ́kọ́, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ní Lálúpọn. Ó ti tó ọdún mọ́kàndínlógún tí mo fi ilẹ̀ rẹ̀ hàn án. Inú rẹ̀ dùn gan-an láti rí mi. Ó pe ìyàwó rẹ̀ jáde, ó gbé àga sí abẹ́ igi máńgòrò, ó ní kí n wá wo bí àdúgbò ṣe dára tó báyìí, iná ń wà, ọ̀nà ti dé.

"Ṣé ẹ rí ẹni tó fẹ́ ra ilé wa ni? A kò tà á o."

"Rárá, ọ̀gá. Ẹ̀yìnkùlé yín ni mo fẹ́ rí."

Ó rẹ́rìn-ín. "Kí ló wà níbẹ̀?"

"N kò tíì mọ̀."

Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wò mí. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ kan àpò ṣòkòtò, ó wá kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó sì ní kí n máa bọ̀.